Báwo ni Bucky ṣe yè é, kí ló sì dé tí wọ́n fi gba Zola síṣẹ́?

AwòFíìmù (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Fíìmù méjì ni wọ́n dá lé lórí: Captain America: The First Avenger tó jáde lọ́dún 2011, àti The Winter Soldier tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2014.

Èkíní: nínú fíìmù àkọ́kọ́, Bucky Barnes, ọ̀rẹ́ Steve Rogers tó ń jẹ́ Captain America, já bọ́ láti ara ọkọ̀ ojú irin sínú ọ̀gbun láàárín àwọn òkè Alps. Irin tó dì mú ló já. A gbọ́ igbe rẹ̀, a ò rí òkú rẹ̀. Nígbà tó di fíìmù kejì, òun náà ló tún yọjú pẹ̀lú apá irin, tó ń pa ènìyàn fún Hydra, ẹgbẹ́ ọ̀tá tí Steve ń bá jà. Kí ló gbà á lọ́wọ́ ikú? Ṣé àwọn tó kọ ìtàn náà kàn jí i dìde ni, àbí ìdí rẹ̀ wà nínú fíìmù?

Èkejì: Arnim Zola, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hydra, ọ̀tá pọ́ńbélé ni. Ọjọ́ tí Bucky já bọ́ gan-an ni wọ́n mú un. Nínú fíìmù kejì, a gbọ́ pé S.H.I.E.L.D., ilé iṣẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ Steve dá sílẹ̀, gbà á síṣẹ́. Báwo ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe tún wá fún un ní yàrá ìwádìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó wà nínú fíìmù ni kí ẹ fi dá mi lóhùn. Ẹ má sọ fún mi pé "fíìmù ni, ẹ jẹ́ kó lọ."

---

AtúpalẹÌran

Ìdáhùn èkíní ti wà nínú fíìmù àkọ́kọ́ kí Bucky tó gun ọkọ̀ ojú irin náà rárá. Ẹ padà lọ wo ibi tí Steve ti lọ kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n yọ nílé iṣẹ́ Hydra.

Ọdún 1943 ni wọ́n kó Bucky àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ológun 107th lẹ́rú ní Ítálì. Iṣẹ́ ni wọ́n ń fi àwọn tó kù ṣe, kí wọ́n máa to ohun ìjà. Àmọ́ nígbà tí Steve ṣílẹ̀kùn fún wọn, ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé yàrá àdádó kan wà nínú ọgbà náà, pé kò sí ẹni tí wọ́n mú lọ síbẹ̀ tó padà wá. Ibẹ̀ ni Steve ti bá Bucky. Wọ́n ti fi okùn dè é mọ́ tábìlì, ojú rẹ̀ ti ṣú, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ḿbà sójà rẹ̀ ló ń pe léraléra. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, Steve ti rí Zola tó kó ìwé rẹ̀ mọ́ra, tó sì sá lọ. Tábìlì Zola ni tábìlì yẹn.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Bucky dìde. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi ń rìn lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè iná. Lẹ́yìn náà ó fẹsẹ̀ rìn padà sí ibùdó pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọgbọ̀n máìlì ni ilé iṣẹ́ náà fi jìn sí ẹ̀yìn ìlà ogun. Ẹnu Kọ́nẹ́ẹ̀lì Phillips la ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń dán oògùn wò lára rẹ̀ láti ìgbà tí a kò mọ̀ rin ìrìn yẹn, ó sì dé bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Ìran kejì tó ṣe pàtàkì dé lẹ́yìn tí Bucky ti já bọ́. Steve jókòó sílé ọtí tí bọ́ǹbù ti wó, ó ń mu ọtí, ọtí ò pa á. Ó ṣàlàyé fún Peggy Carter pé Dókítà Erskine, ẹni tó ṣe oògùn agbára tó sọ Steve di akọni, ti sọ pé oògùn náà kò mọ sára iṣan nìkan, pé ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ara, ó sì ń tún ara ṣe. Peggy fi kún un pé ara Steve ń jó oúnjẹ ní ìlọ́po mẹ́rin ti ènìyàn lásán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ lásán ni ìran yẹn. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí Steve ń ṣọ̀fọ̀ Bucky lọ́wọ́ ni fíìmù náà ń ṣàlàyé ohun tó máa gba Bucky là.

Fíìmù kejì kò sì fi wá sílẹ̀ ká máa méfò. Steve fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn tó rí ojú Bucky lójú pópó: pé Zola ló fi Bucky ṣe ìdánwò nígbà tí wọ́n kó gbogbo ẹgbẹ́ wọn lẹ́rú ní 1943, ohun yòówù tó sì ṣe fún un ló jẹ́ kó la ìṣubú yẹn já.

---

Àfonífojì

Mo gbà pẹ̀lú AtúpalẹÌran, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, kí a lè mọ iṣẹ́ tí oògùn náà ní láti ṣe.

Fíìmù kò sọ bí ọ̀gbun náà ṣe jìn tó. Ẹ jẹ́ ká lo 100 mítà àti 200 mítà. Tí afẹ́fẹ́ kò bá dí nǹkan lọ́nà, ohun tó bá já láti 100 mítà yóò dé ilẹ̀ pẹ̀lú eré nǹkan bí 44 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Afẹ́fẹ́ ń dí ènìyàn lọ́nà o. Ènìyàn tó nà gbalaja kì í sáré ju nǹkan bí 55 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ibi yòówù kó ti já. Tí a bá fi ìyẹn kún ìṣirò, láti 100 mítà eré rẹ̀ á tó 38. Láti 200 mítà á tó 47. Ní ti kìlómítà, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 137 àti 169 láàárín wákàtí kan.

Bí ènìyàn ṣe dúró ló ń pa á, eré nìkan kọ́. Ẹ mú eré náà, ẹ fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìlọ́po méjì jíjìn ibi tó ti dúró pín in. Tí ẹ bá tún fi 9.8, ìyẹn òòfà ilẹ̀, pín èsì rẹ̀, ẹ ó mọ ìlọ́po ìwọ̀n ara tó jẹ́. Ẹni tó bá ń sá eré 38 tó sì dúró láàárín ìdajì mítà, agbára tó bá ara rẹ̀ á tó ìlọ́po 147 ìwọ̀n ara rẹ̀. Kò sí ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn tó lè gba ìyẹn. Tó bá jẹ́ pé yìnyín tó fúyẹ́ ló gbà á, tó sì rì tó mítà kan, ó di 74. Tí ó bá rì tó mítà mẹ́ta, bóyá nítorí pé ẹ̀gbẹ́ òkè tó dà gẹ̀rẹ́ ló bọ́ sí tó sì ń yọ̀ lọ, ó di bíi 25.

Ṣé ènìyàn lè gba 25? Ní December 1954, John Stapp, dókítà ológun òfuurufú Amẹ́ríkà, jókòó sórí ọkọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì orí irin tó dúró lójijì, ó sì gba ìlọ́po 46.2. Ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, ó sì yè. Àmọ́ bẹ́líìtì ti dè é mọ́ àga dáadáa. Apá àti ẹsẹ̀ Bucky ń fò káàkiri ni, ìdí nìyẹn tí kò fi yani lẹ́nu pé apá ni ó pàdánù.

Ó tún ku ohun kan tí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò. Asà Steve ló wà lọ́wọ́ Bucky nígbà tí ìbọn Hydra bà á. Asà yẹn ló gba iná náà, Bucky kàn fò jáde gba ihò ara ọkọ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé kò tíì fara gbọgbẹ́ kan pàtó nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́.

---

AwòFíìmù

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n Àfonífojì, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé ènìyàn lásán pàápàá lè yè é?

---

Àfonífojì

Ó ti ṣẹlẹ̀, tí yìnyín àti igi bá bá ara wọn pàdé níbi tó yẹ. Ní March 1944, Nicholas Alkemade, sójà òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fò jáde nínú ọkọ̀ òfuurufú Lancaster tó ń jóná lókè Jámánì, kò ní páráṣúùtì. Láti òkè tó tó 5,500 mítà ni. Ẹ̀ka igi páìnì ló kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù, lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú yìnyín rírọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ́. Lọ́dún 1972, Vesna Vulović, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú, yè nígbà tí ọkọ̀ wọn fọ́ ní 10,160 mítà lókè Czechoslovakia. Inú àfọ́kù ọkọ̀ ló wà nígbà tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tó ní igi àti yìnyín.

Ìṣubú nìkan kọ́ ni ìṣòro Bucky. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ló le jù, mo sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ nípa ara.

---

IṣanẸ̀jẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀.

Nínú ìrántí tí fíìmù 2014 fi hàn wá, wọ́n ń wọ́ Bucky lórí yìnyín, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé e, apá òsì rẹ̀ sì ti gé. Lẹ́yìn náà a rí àwọn dókítà tí wọ́n ń fi ayùn gé èyí tó ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn ìyẹn ló jí, ó rí apá irin, ó sì fi í fún ọ̀kan nínú wọn lọ́rùn.

Àgbàlagbà ní ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà márùn-ún. Tí ó bá pàdánù ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn bíi lítà méjì, tí kò sì sí ẹni tó tètè dá sí i, ikú ló kàn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba apá kọjá lè da ìyẹn jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àmọ́ iṣan tó ya jálẹ̀ pátápátá, pàápàá èyí tí nǹkan fà ya, máa ń sún kì wọnú ẹran, ẹnu rẹ̀ á sì fún. Èyí tó ya ìdajì ni kì í lè sún kì, òun ló máa ń ṣàn jù. Nítorí náà, apá tó já pátápátá lè ṣe é ní oore ju apá tó fà ya tó ṣì so rọ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé òtútù ló gbà á. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, òtútù máa ń fún iṣan tó wà lábẹ́ awọ, ó sì ń dín iye afẹ́fẹ́ tí ọpọlọ nílò kù. Lọ́dún 1999, Anna Bågenholm há sábẹ́ yìnyín odò ní Norway, ìgbóná ara rẹ̀ lọ sílẹ̀ dé 13.7°C, ọkàn rẹ̀ dúró, wọ́n sì jí i padà. Àmọ́ òun kò ní ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tí ìgbóná ara ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 35°C, ẹ̀jẹ̀ kì í dì dáadáa mọ́. Àwọn dókítà pàjáwìrì bẹ̀rù ohun mẹ́ta tó ń so pọ̀: òtútù ara, ẹ̀jẹ̀ tó ti kan nítorí àìtó afẹ́fẹ́, àti ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ láti dì. Ọ̀kan ń fa èkejì. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ó ṣòro kí ẹni náà tó yè, kódà nílé ìwòsàn.

Ibi tí oògùn Zola ti wúlò nìyẹn. Ara tó ń jó oúnjẹ kíákíá máa ń mú ooru wá, á sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣì lè dì. Sẹ́ẹ̀lì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe á dí ẹnu iṣan. Kò ní láti sọ Bucky di Steve. Kó ṣáà gbà á láyè fún wákàtí mélòó kan títí ẹnì kan á fi rí i.

---

ÌwéÀwòrán

Ẹ má gbàgbé pé nínú ìwé àwòrán, kò sí ọkọ̀ ojú irin rárá. Joe Simon àti Jack Kirby ló dá Bucky, inú ìwé Captain America àkọ́kọ́ ti 1941 ló ti yọjú. Lọ́dún 1964, nínú Avengers #4, wọ́n sọ fún wa pé ó kú nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ bú gbàmù. Òkú ló jẹ́ títí di 2005 tí Ed Brubaker àti ayàwòrán Steve Epting mú un padà gẹ́gẹ́ bíi Winter Soldier: ìbúgbàmù yẹn gé apá òsì rẹ̀, àwọn ará Rọ́ṣíà rí i nínú omi tútù, wọ́n sì gbé e lọ.

Zola tó wà nínú ìwé yẹn, kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Kirby ló dá òun náà ní 1977: onímọ̀ nípa ara tó gbé ojú rẹ̀ sí àyà ẹ̀rọ. Àwọn tó kọ fíìmù ló so ẹni méjèèjì pọ̀. Mo gbóríyìn fún wọn, nítorí nínú ìwé orí ire ló yọ Bucky. Nínú fíìmù, ọwọ́ ọ̀tá ló yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ rí àmì pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ wo ìgbà àkọ́kọ́ tí Zola yọjú ní 2011: inú gíláàsì ẹ̀rọ kan la ti rí ojú rẹ̀, tó fẹ̀ gbàràgàdà.

---

AwòFíìmù

Èyí yé mi. Ó wá ku Zola o. Mo mọ̀ pé Natasha, tó bá Steve ṣiṣẹ́ ní fíìmù kejì, dárúkọ Operation Paperclip, ó kàn sáré kọjá lórí rẹ̀ ni.

---

FáìlìÀtijọ́

Ó ní ìtàn tòótọ́ lẹ́yìn, ẹ sì jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí ibẹ̀ ni àwọn tó kọ fíìmù ti mú Zola.

Oṣù July 1945 ni àwọn olórí ológun Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò láti kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jámánì wá sọ́dọ̀ ara wọn. Operation Overcast ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó di Paperclip lẹ́yìn náà nítorí irin tí wọ́n fi ń há ìwé mọ́ra tí wọ́n ń fi sára fáìlì àwọn tí wọ́n fẹ́. Ní September 1946, Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí i pé kó gbòòrò, pẹ̀lú òfin kan: ẹni tó bá ju ọmọ ẹgbẹ́ Násì lórúkọ lásán lọ, tàbí tó ṣe alátìlẹyìn wọn tọkàntọkàn, kò gbọ́dọ̀ wọlé. Tí ẹ bá ka òfin yẹn, Zola kò lè wọlé. Wernher von Braun náà kò yẹ kó wọlé. Ó ní ipò nínú SS, ẹgbẹ́ ológun àwọn Násì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibùdó Mittelbau-Dora ló sì ń to rọ́kẹ́ẹ̀tì V-2 rẹ̀ nínú ihò abẹ́ òkè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló kú.

Báwo ni wọ́n ṣe gbà á kọjá? Fáìlì ni wọ́n tún ṣe. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní JIOA ló ń bójú tó ètò náà. Tí ìwádìí ẹnì kan bá sọ pé ó léwu fún ààbò ìlú, wọ́n á dá a padà kí wọ́n lè kọ òmíràn tó rọ̀ díẹ̀. Ní ti ìwé ìwọ̀lú, àwọn kan nínú wọn sọdá ààlà lọ sí Juárez ní Mexico, wọ́n gba ìwé níbẹ̀, wọ́n sì tún padà wọ Texas gẹ́gẹ́ bí aṣíwọ̀lú tó bófin mu. Iye àwọn tí ètò náà kó wọlé lé ní 1,600. Von Braun wá di olórí àwọn tó kọ́ Saturn V tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá ní 1969. Arthur Rudolph tó bá a ṣiṣẹ́ lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ Mittelbau wò, ó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1984, ó sì jọ̀wọ́ ìwé ọmọ ìlú rẹ̀.

Kí ló ń lé wọn? Ìbẹ̀rù pé ẹlòmíràn á mú wọn. Ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí: ní alẹ́ ọjọ́ 22 October 1946, àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì kó ju 2,000 onímọ̀ Jámánì lọ pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n dà wọ́n sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rọ́ṣíà.

Àmọ́ tí a bá ń wá ẹni tó jọ Zola jù lọ, kì í ṣe von Braun. Shirō Ishii ni, olórí Unit 731 ti Japan, tó fi ẹlẹ́wọ̀n dán àrùn wò ní Manchuria. Amẹ́ríkà kò gbé e lọ sílé ẹjọ́, nítorí pé wọ́n fẹ́ ohun tó kọ sílẹ̀ nínú ìdánwò yẹn. Ẹ ronú sí i: ohun tó ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ohun tó fi ra ara rẹ̀ padà. Ti Zola náà nìyẹn. Erskine ti kú, Steve ti wọ inú yìnyín. Ta ló kù láyé tó tún mọ nǹkan kan nípa oògùn agbára?

---

AtúpalẹÌran

Mo fẹ́ fi ìran kan kún ti FáìlìÀtijọ́, nítorí fíìmù 2011 ti fi bí wọ́n ṣe yí Zola padà hàn. Ọ̀nà tí Phillips gbà ṣe é dára púpọ̀.

Ó kọ́kọ́ gbé ẹran díndín síwájú rẹ̀. Zola kò jẹ ẹran, Phillips sì jókòó, ó ń jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó rán an létí pé gbogbo àwọn Hydra tí wọ́n ti mú ló ń já májèlé jẹ, òun nìkan ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti fi hàn pé Zola fẹ́ wà láàyè ju pé kó kú fún Schmidt, olórí Hydra. Ohun tó wá ká a mọ́ ni ìwé kan: ìròyìn tí Phillips ti fi ránṣẹ́ pé Zola ti sọ gbogbo ohun tó mọ̀, pé wọ́n sì máa dá a padà sí Switzerland. Kóòdù tí wọ́n mọ̀ pé Hydra ti tú ni wọ́n fi kọ ọ́. Schmidt á kà á. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, Zola ti di ọ̀dàlẹ̀ lójú ọ̀gá rẹ̀, yálà ó sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ. Ó sì sọ̀rọ̀.

Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n gbà pé ẹni tó sá fún Schmidt ti sá fún Hydra. Zola kò gba Schmidt gbọ́ bí ọlọ́run, àmọ́ kò sí ibi tó ti sọ pé òun kò gba Hydra gbọ́. Ní 2014 ó sọ ọ́ lójú Steve: wọ́n rò pé òun á ràn wọ́n lọ́wọ́, òun sì ń ran iṣẹ́ tòun lọ́wọ́.

---

Ìlànà_Ọdún

Mi ò fara mọ́ bí gbogbo yín ṣe ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọjọ́ kan náà ni Zola tún padà débi Bucky. Ẹlẹ́wọ̀n ni Zola nígbà tí wọ́n rí Bucky! Ẹni tó ń wọ́ Bucky lórí yìnyín kò lè jẹ́ Zola. Ẹ jẹ́ ká to ọdún náà.

Nínú eré tẹlifíṣọ̀n Agent Carter, ìran ìparí àbala àkọ́kọ́, Zola ṣì wà lẹ́wọ̀n ní 1946. Wọ́n ti Fennhoff mọ́ yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ti fi irin dé Fennhoff lẹ́nu, Zola sì fún un ní ìwé àti ohun ìkọ̀wé. Iṣẹ́ Fennhoff ni kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí ọkàn ènìyàn padà. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n fi fọ ọpọlọ Bucky ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá lọ sí The Falcon and the Winter Soldier ti 2021. Isaiah Bradley, sójà Amẹ́ríkà tí òun náà gba oògùn agbára, bá Bucky jà ní Korea ní 1951, ó sì fọ́ apá irin yẹn. Ó túmọ̀ sí pé ní 1951 Bucky ti ní apá irin, ó sì ti ń pa ènìyàn. Nínú ìrántí Bucky, Zola wà lókè orí rẹ̀, ó ń sọ fún un pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì pàṣẹ kí wọ́n fi í sínú yìnyín.

Nítorí náà àárín 1946 sí 1951 ni wọ́n gba Zola síṣẹ́, àárín yẹn náà ló sì tún padà fọwọ́ kan Bucky. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni Bucky wà ṣáájú ìyẹn.

---

AwòFíìmù

Ọwọ́ ta ni?

---

Ìlànà_Ọdún

Fíìmù fi àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì hàn: Kiev ni fáìlì rẹ̀ ti wá, ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n fi ń jí i. Àmọ́ ẹ wo máàpù. Àárín òkè Alps ni Bucky ti já. Àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì kò gba Vienna títí di 13 April 1945, ìlà oòrùn Austria ni wọ́n sì wà. Ojú irin Hydra ni ọkọ̀ yẹn gbà. Lójú tèmi, àwọn Hydra tó ń ṣọ́ ojú irin náà ló kọ́kọ́ rí i, ẹ̀yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn ti Rọ́ṣíà. Èrò tèmi nìyẹn o, fíìmù kò sọ ọ́.

---

ÌwéÀwòrán

Mo fara mọ́ ọn. Ìwé àwòrán fi omi tútù bo ìṣòro yẹn mọ́lẹ̀. Fíìmù tó gbé e lọ sí Alps ló dá a sílẹ̀.

---

IṣanẸ̀jẹ̀

Ọdún tí Ìlànà_Ọdún tò yìí yanjú nǹkan kan fún mi. Tí Zola kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rí Bucky, a jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè fún un lóògùn tuntun. Èyí tó ti wà lára rẹ̀ láti 1943 ló gbé e ró.

---

AwòFíìmù

Ìbéèrè ìkẹyìn mi nìyí, ẹ má bínú. Ṣé oògùn Zola bá ti Erskine dọ́gba? Tó bá dọ́gba, kí ló dé tí Hydra kò fi ṣe ẹgbẹ̀rún Bucky?

---

AtúpalẹÌran

Kò lè dọ́gba lọ́nà tí wọ́n gbà ṣe é. Ti Steve ní ìtànṣán tí wọ́n pè ní Vita-Rays lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan ni ara rẹ̀ fi yí padà pátápátá. Ti Bucky kò yí ìrísí rẹ̀ padà rárá. Ibi tí Zola ti lè rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣòro láti fojú inú wò: Schmidt, ọ̀gá rẹ̀, ti gba oògùn Erskine tí kò tíì pé sára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà nítòsí.

Ní ti ẹgbẹ̀rún Bucky, ẹ padà sí ẹni tó sọ pé kò sí ẹni tó padà wá láti yàrá àdádó yẹn. Bucky nìkan ló yè. Ẹ wá fi fíìmù Civil War ti 2016 kún un: ní 16 December 1991, Hydra rán Bucky kó lọ pa Howard Stark, ọ̀kan nínú àwọn tó dá S.H.I.E.L.D. sílẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀, kó sì gbé oògùn tó wà nínú ọkọ̀ wọn. Oògùn yẹn ni wọ́n fún àwọn sójà Hydra márùn-ún tó wà ní Siberia. Tí Hydra bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn Zola, kí ni wọ́n ń wá nínú ọkọ̀ Howard?

---

FáìlìÀtijọ́

Ibi yẹn gan-an ni. Ẹ sì rántí fíìmù Endgame ti 2019: ní 1970, nínú ibùdó ológun Lehigh, Howard ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wá Zola, ó sì ń pe orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọdún tí kò pé, ẹlẹ́wọ̀n ti di ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́.

---

Ìlànà_Ọdún

Àmọ́ ẹ má sọ pé ìmọ̀ Zola bá a kú. Ọdún 1972 ni wọ́n sọ fún un pé àìsàn rẹ̀ kò ní gbóògùn, ó sì ní kí wọ́n da ọkàn òun sínú kọ̀ǹpútà: ibi ìpamọ́ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 200,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan bí 61 kìlómítà, lábẹ́ ibùdó Lehigh kan náà. Tó bá mọ bí oògùn ọ̀hún ṣe rí, ó ṣì wà níbẹ̀ ní 1991 láti sọ ọ́.

---

AtúpalẹÌran

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó ṣiṣẹ́ lára ẹnì kan, kò sì rí ẹni náà yẹ̀ wò mọ́ nítorí pé Steve wá gbé e lọ ní alẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà jó. Ẹ wo Zola ní alẹ́ yẹn: ìwé ló ń kó sínú àpò bó ti ń sá, ó sì fi Bucky sílẹ̀ lórí tábìlì. Ká ní ó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lára Bucky ni, Bucky ni ì bá kọ́kọ́ gbé.